Lílé Akátá Kì í Ṣe Pípa Á Run

Ní ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ kan tí kò tíì pẹ́, mo jókòó sí abẹ́ igi kan ní Ayétẹ̀, ní ẹ̀bá ọ̀nà tí ó lọ sí Ìgàngán, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì gun alùpùpù dé. Òkú ẹtà kan ni wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù náà. Àwọn ènìyàn pé lé wọn lórí, wọ́n ń kí wọn kú oríire. Ẹnì kan tilẹ̀ fún wọn ní owó. Mo bi wọ́n léèrè ohun tí ẹranko náà ṣe. Èyí ẹ̀gbọ́n nínú wọn wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní, "Bàbá, ẹranko burúkú ni. Adìyẹ ni ó ń jẹ." Mo bi í bóyá ó jẹ adìyẹ tiwọn. Ó ní rárá o, inú igbó ni àwọn ti bá a níbi tí ó sùn sí.

Ọ̀rọ̀ yìí, "ẹranko burúkú", ni mo fẹ́ takò. Ó jọ ọ̀rọ̀ àwọn baba wa, ṣùgbọ́n kì í ṣe tiwọn. Ohun tí àwọn baba wa wí ni pé kí a kọ́kọ́ lé akátá jìnnà ná, kí a tó fàbọ̀ bá adìyẹ wí. Gbogbo wa ni a ń pa òwe yìí níbi tí a bá ti ń parí ìjà, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ti fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí ó sọ nípa akátá fúnra rẹ̀? Òwe náà kò ní kí a pa akátá run. Ó ní kí a lé e jìnnà. Lẹ́yìn èyí, ó ní ìbáwí kan kù fún adìyẹ, èyí tí ó túmọ̀ sí pé olówó adìyẹ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀ láti ṣe: kí ó kọ́ ilé fún un, kí ó sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú.

N kò sọ pé ẹni mímọ́ ni àwọn ọdẹ àtijọ́. Wọ́n pa ẹran, wọ́n sì pa púpọ̀. Ṣùgbọ́n pípa ẹran ní òfin nígbà náà. Ọdẹ tí ó bá pa ẹkùn kò gbọdọ̀ bó o ní kọ̀rọ̀. Ààfin ni ó ń gbé e lọ, awọ rẹ̀ sì di ti ọba. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè pe èyí ní ìgbéraga àwọn ọba, ṣùgbọ́n ẹ wo àǹfààní rẹ̀: ẹkùn kì í kú ní ìlú kí àwọn aláṣẹ má mọ̀. Olúọ́dẹ wà tí ọdẹ kọ̀ọ̀kan ń jíhìn fún. Ìjálá tí wọ́n ń sun sì ń ki ẹranko ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá: bí ó ṣe ń rìn, ohun tí ó ń jẹ, ibi tí ó ń gbé. Ènìyàn kì í ki ohun tí kò mọ̀.

Lónìí ńkọ́? Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rí ìbọn ṣakabùlà rà ti di ọdẹ. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, wọn a dáná sun igbó kí ẹran lè sá jáde. Àwọn mìíràn ń fi oògùn kòkòrò oko sínú ìjẹ. Májèlé kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹtà àti ajá ọdẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ẹni tí yóò ra ẹran náà jẹ lọ́jà. Ìpalára rẹ̀ ti dé inú èdè wa pàápàá. Mo bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi léèrè ohun tí ìkookò jẹ́. Wọ́n ní ajá igbó inú sinimá tí ń hu ní òru òtútù ni. Ẹranko yẹn kò gbé ilẹ̀ Yorùbá rí. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì ni wọ́n wá orúkọ fún un, tí wọ́n sì fún un ní orúkọ ìkookò tiwa, èyí tí iwájú rẹ̀ ga ju ẹ̀yìn lọ, tí ń fi eyín fọ́ egungun. Nígbà tí a kò rí onílé mọ́, àlejò jogún orúkọ rẹ̀.

Ṣé àǹfààní wà nínú kí irú wọn tán? Ẹ jẹ́ kí a wo Gánà. Láti 1968 títí di 2004, àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà ẹranko níbẹ̀ ń ṣe àkọsílẹ̀ ẹranko tí wọ́n ń rí. Níbi tí kìnnìún àti ẹkùn ti tán, àwọn ọ̀bọ ńláńlá ẹlẹ́nu gígùn bí ti ajá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i, wọ́n sì ya wọ oko. Àwọn òbí ní láti dá ọmọ dúró ní ilé-ìwé kí wọ́n lè máa ṣọ́ àgbàdo. Àgbẹ̀ Ìbàràpá tí ọ̀yà ń jẹ oko rẹ̀ run, tí ó sì ń yọ̀ sí ikú ẹtà tí ń pa eku, kí ó ro ọ̀rọ̀ yìí wò.

Mo mọ èsì tí wọn yóò fọ̀ fún mi. Wọn yóò ní olùkọ́ yunifásítì ni mí, n kò sin adìyẹ. Òótọ́ ni. Opó tí ó jí ní òwúrọ̀ tí ó bá adìyẹ mẹ́fà nínú ẹ̀jẹ̀ kò nílò ìwàásù lọ́dọ̀ mi. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ẹranko tí ó ń kú tán ti wà láti 1985, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, kò sì bá opó náà kọ́ ilé adìyẹ. Ẹni tí ó bá ń ṣe òfin fún Ayétẹ̀ láì bi Ayétẹ̀ léèrè, ariwo lásán ni ó ń pa.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àbójútó ẹranko ni kí a má pa ohunkóhun. Ní Yellowstone ní Amẹ́ríkà, ìjọba fúnra rẹ̀ ni ó ní kí wọ́n pa àwọn ìkookò òyìnbó run. Ní 1926 wọ́n ti pa wọ́n tán. Ní 1995 àti 1996, wọ́n ní láti lọ kó 31 wá láti Kánádà. Síbẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Montana tí ó bá ọgbà náà pààlà, a ń fún ọdẹ ní ìwé àṣẹ láti pa á, a sì ń ka èyí tí ó pa. Wọ́n ní owó tí wọ́n fi ra àṣìṣe wọn padà. Kí ni àwa yóò fi ra tiwa?

Ní January 2020 ni àwọn ìpínlẹ̀ wa dá ẹ̀ṣọ́ kan sílẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Àmọ̀tẹ́kùn, wọ́n sì pe àwọn ọdẹ sí iṣẹ́ náà. Mo yìn wọ́n. Ìbàràpá mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí ní Ìgàngán ní June 2021. Bí a bá lè fọkàn tán ọdẹ láti ṣọ́ ènìyàn, kí ni kò jẹ́ kí a fọkàn tán an láti ṣọ́ igbó? Kí ìjọba ìbílẹ̀ fún Olúọ́dẹ ìlú kọ̀ọ̀kan ní ìwé àkọsílẹ̀ àti àṣẹ, ní èdè Yorùbá. Kí a má pa apẹran-jẹ kankan àfi èyí tí ó bá wọ àárín ilé, kí a sì fi èyí tí a bá pa han Olúọ́dẹ. Kí májèlé di èèwọ̀. Kí a sì ran àwọn aládìyẹ lọ́wọ́ láti kọ́ ilé adìyẹ tí ẹtà kò lè já.

Àwọn àgbà ní àfẹ́ẹ̀rí kan kò ju kí a rí igbó ńlá ba sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo rí ní Ayétẹ̀ kì í ṣe ìkà. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ pé ẹni tí ó bá sùn sínú ilé ara rẹ̀ kò tíì ṣẹ ẹnikẹ́ni. Àwa tí a ń pa òwe akátá ni a kò parí rẹ̀ fún un.