Àlejò Lójú, Kò Fi Ríran: Òwe Yìí àti Akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìlú Ọba

Nígbà tí Yorùbá bá wí pé àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran, wọn kò pe àlejò ní òmùgọ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ilé ni ojú ti kọ́ bí a ṣe ń wo nǹkan, àti pé ohunkóhun tó bá rí ní ìlú onílùú, ìtumọ̀ tó kọ́ nílé ni yóò kọ́kọ́ fún un.

Ọmọ tí a bá tọ́ dáadáa kì í tẹjú mọ́ àgbà tó ń bá a sọ̀rọ̀, kì í sì í pe olùkọ́ rẹ̀ lórúkọ lásán. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá dé yunifásítì kan ní Ìlú Ọba, tí olùkọ́ tó ti hewú ní kí ó máa pe òun ní orúkọ àbísọ, ó lè rò pé ọ̀wọ̀ kò sí níbẹ̀ rárá. Bí òun náà sì ti ń wolẹ̀ nítorí ọ̀wọ̀, olùkọ́ lè máa rò pé ó ń fi nǹkan pamọ́. Ní sẹ́mínà, ìyẹn ìpàdé kékeré tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ti ń jíròrò lórí ohun tí wọ́n kà, ẹni tó bá dákẹ́ nítorí pé kò fẹ́ já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà yóò dà bí ẹni tí kò kàwé. Èyí tó léwu jù ni gbígba ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kọ láìdárúkọ rẹ̀: ẹni tí wọ́n ti kọ́ láti há àkọsílẹ̀ olùkọ́ sórí lè rò pé ìmọ̀ ni òun ń fi hàn, nígbà tí àwọn aláṣẹ kà á sí olè jíjà.

Ní ọdún 1960, Kalervo Oberg, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá, ṣàlàyé pé ìpayà tó ń bá ẹni tó wà nílẹ̀ àjèjì ń wá láti inú pípàdánù àwọn àmì ìbálò ojoojúmọ́, irú bí ìgbà tó yẹ kí a bọ ara wa lọ́wọ́ tàbí kí a kọ ìpè. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n òwe náà jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ẹni tó mọ̀ pé àmì ti sọnù ni Oberg ń sọ, nígbà tí òwe ń sọ ti ẹni tó dá lójú pé òun ń rí i.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìlú Ọba ní nǹkan bí ọdún 1955 sí 1970 fi èyí hàn. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí Yorùbá pọ̀ nínú wọn, ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń kàwé nínú yàrá híhá, wọ́n sì ń fi ọmọ wọn sọ́dọ̀ àwọn òyìnbó tí wọ́n ń sanwó fún. Inú ìwé ìròyìn Nursery World ni àwọn kan ti ń polówó wá alágbàtọ́. Lójú Yorùbá, ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹlòmíràn kò kúrò lọ́mọ òbí rẹ̀. Lójú ọ̀pọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyá tó gbé ọmọ sílẹ̀ ti jọ̀wọ́ rẹ̀, ìdí nìyí tí àwọn alágbàtọ́ kan fi kọ̀ láti dá ọmọ padà nígbà tí òbí fẹ́ relé, tí ọ̀rọ̀ fi dé ilé ẹjọ́. Onílé náà kò ríran níbẹ̀, ó sì bani nínú jẹ́ pé ọmọdé ni ó jẹ ìyà rẹ̀.

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ fi òwe yìí bo ìwà ìkà mọ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn onílé Lọ́ńdọ̀nù ń lé akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú kúrò lẹ́nu ọ̀nà wọn, kò sí àṣà kankan tí akẹ́kọ̀ọ́ náà ní láti kọ́. Ó rí ohun tó wà níwájú rẹ̀ kedere. Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta tó lọ kọ́ ìmọ̀ òfin, wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ ní ọdún 1925, ó sì rìnrìn àjò padà sílé láti tọrọ owó tí wọ́n fi ṣí ilé ibùgbé kan ní Camden ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1933. Níbẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé rí ibi sùn, ó sì rí àwọn tó ti pẹ́ nílùú tó lè bi ní ìbéèrè tí ojú yóò tì í láti bi olùkọ́.