"Mi Ò Dárúkọ" Kò Tó: Àṣírí Aláìsàn Nínú Ọkọ̀ Èrò

Láti Adó-Èkìtì sí Ìjàn-Èkìtì kò jìnnà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè gbọ́ nínú ọkọ̀ èrò kí ó tó débẹ̀ pọ̀. Òṣìṣẹ́ ìlera tó ń ti ẹnu iṣẹ́ bọ̀ lè máa sọ lórí fóònù pé, "Ìyàwó aránṣọ yẹn tún wá gba oògùn lónìí." Bí ẹ bá bi í, yóò ní òun kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Nínú ìlú tí gbogbo wa ti mọ ara wa! Aránṣọ mélòó ló wà ládùúgbò?

Abala 26 nínú Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ọdún 2014 kò fi mọ sórí orúkọ àìsàn. Pé ẹnì kan tilẹ̀ wá gba ìtọ́jú, àṣírí ni. Aláìsàn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i lórí ìwé kí wọ́n tó sọ ọ́ síta, àyàfi bí òfin tàbí ilé ẹjọ́ bá pàṣẹ, tàbí bí bíbò ó bá máa kó ará ìlú sínú ewu ńlá.

Ẹni tó ń lo oògùn ikọ́ ife, ìyẹn TB, ní láti lò ó fún nǹkan bí oṣù 6. Bó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ ní oṣù kejì, ṣé yóò tún padà lọ? Bí kò bá lọ, ilé rẹ̀ ni ikọ́ náà yóò kọ́kọ́ ràn dé.

Amáánà ni àwa Mùsùlùmí ń pe irú nǹkan báyìí. Síbẹ̀, àwa èrò ọkọ̀ náà a máa ń tẹ́tí, a tún máa ń béèrè, "Aránṣọ wo?"

Ẹni tí wọ́n bá tú àṣírí rẹ̀ lè fẹjọ́ sùn ní ilé ìwòsàn náà. Abala 30 òfin yìí fún un lẹ́tọ̀ọ́ pé kí wọ́n wádìí rẹ̀.