Ẹni Tí Yóò Bá Ọmọ Rìn Kò Gbọdọ̀ Yà Lójú Ọ̀nà

Bí ènìyàn bá gba ojú pópó tó ti Port Harcourt lọ sí Owerri, tó kọjá Igwuruta, tó fi pápá ọkọ̀ òfurufú Omagwa sẹ́yìn, kò ní í pẹ́ tí yóò fi bá ara rẹ̀ ní Isiokpo, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ikwerre, ilẹ̀ àwọn àgbẹ̀ oníṣu àti onígbáàgúdá, níbi tí bàlúù ti ń ké lókè òrùlé, tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń gbójú sókè wò ó kò sì rí ẹni tí yóò sọ fún wọn bí a ti ń di ẹni tó ń wọ̀ ọ́. Isiokpo kì í ṣe ilẹ̀ Káàárọ̀-o-ò-jíire, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ fi ibẹ̀ sọ kì í ṣe ti Ikwerre nìkan. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 1973 tí ìjọba Gowon ti fi òfin gbé ètò àgùnbánirọ̀ kalẹ̀, a kò yéé rán ọmọ wa lọ sí ìpínlẹ̀ Rivers láti kọ́ ọmọ ẹlòmíràn níwèé, ohun tó bá sì bá ojú, dandan ni kó bá imú.

Ojú kan ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó: bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí, wọn kò sì parọ́. Ṣùgbọ́n nínú igba ojú náà, ti ẹni ibi ń bẹ níbẹ̀, òun ló sì sábà máa ń ṣọ́ ọmọ jù. Ẹ wo bí ẹgbẹ́ òkùnkùn, tó ti ba ọ̀pọ̀ àdúgbò jẹ́ ní ìpínlẹ̀ náà, ṣe ń rí ọmọ mú. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kan kò rí owó ìdánwò WAEC san. Bàbá ti kú, ìyá ń lọ oko tàjí-tàjí. Ẹnìkan fún un ní fóònù. Ẹni náà mọ orúkọ rẹ̀, ó mọ orúkọ ìyá rẹ̀, ó yọjú nígbà tí ibà dá a dùbúlẹ̀, ó sì gbèjà rẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ àdúgbò kejì lù ú. Ẹni náà kì í lọ ìsinmi, ọ̀gá kan kì í gbé e lọ sí ìlú mìíràn, kì í sì í sọ pé ọwọ́ òun dí. Ìgbà tí yóò bá fi ní kí ọmọ wá san gbèsè oore, okùn ti wọ ọrùn. Olùtọ́sọ́nà ni òun náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà ọ̀run ló ń tọ́ ọmọ sí.

Elechi Amadi, ọmọ bíbí Aluu nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ikwerre yìí kan náà, òǹkọ̀wé The Concubine tó jáde ní ọdún 1966, ẹni tó kọ́ ìmọ̀ físíìsì àti ìṣirò ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti Ìbàdàn mesì Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, tó sì padà lọ ṣe olùkọ́ láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀, kò bọ́ lọ́wọ́ ayé tó dojú rú bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kìíní ọdún 2009, àwọn ajínigbé wọ ilé rẹ̀ ní Aluu, wọ́n gbé bàbá ẹni ọdún 74 náà lọ, ọjọ́ kejì ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn ni Ààrẹ Yar'Adua kéde ìdáríjì fún àwọn ọ̀dọ́ tó gbé ìbọn ní Niger Delta, tí ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í san 65,000 náírà lóṣooṣù fún ẹni kọ̀ọ̀kan wọn. Èmi kò bú ètò náà, nítorí ẹni tí ebi ń pa kì í gbọ́ ìwàásù. Ṣùgbọ́n owó kì í bẹ ọmọ wò, owó kì í sì í béèrè pé kí ló dé tí o kò lọ sí ilé-ìwé lánàá.

Ní ìlú New York, láti ọdún 1904 ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ Big Brothers sílẹ̀, kí àgbàlagbà kan lè máa bá ọmọ kan tó ti dé iwájú adájọ́ rìn, láìgba kọ́bọ̀. Ní ọdún 1995, àwọn olùwádìí gbé ìròyìn jáde lórí ọmọ 959, láti ẹni ọdún 10 sí ọdún 16: wọ́n fún àwọn kan ní olùtọ́sọ́nà, wọ́n ní kí àwọn yòókù ṣì ní sùúrù fún oṣù 18. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀, bí ọgọ́rùn-ún bá fọwọ́ kan oògùn olóró fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú àwọn tí kò ní ẹnìkan, bíi 54 péré ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀ nínú àwọn tó ní. Èyí dára. Ṣùgbọ́n èyí tó mú mi jókòó ronú ni ohun tí Jean Grossman àti Jean Rhodes rí ní ọdún 2002, nígbà tí wọ́n tún ìwé kan náà yẹ̀ wò: àwọn ọmọ tí olùtọ́sọ́nà wọn dúró tì tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló jèrè jù, àwọn tí tiwọn sì fi sílẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé wá ń fojú kéré ara wọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àgbà tó dé tó sì sá, ó ti ṣe ọmọ náà ní ibi.

Kò yẹ kí èyí ya Yorùbá lẹ́nu. Ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ, ọ̀dọ̀ babaláwo, ọ̀dọ̀ aránṣọ, ọdún ni a fi ń ka ìgbà tí ọmọ yóò lò kó tó ṣe fírídọ̀mù. Kò sí ẹni tó gba ọmọ-iṣẹ́ fún ọjọ́ kan. Èyí tí a wá ń rí lóde òní, tí òṣèlú kan tàbí ẹgbẹ́ kan yóò kó igba ọmọ jọ sínú gbọ̀ngàn, tí wọn yóò wọ̀ wọ́n láṣọ kan náà, tí wọn yóò fún wọn ní ráìsì, tí fọ́tò yóò sì pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ, ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́ ni mo pè é. Àgùnbánirọ̀ sàn ju ìyẹn lọ fíìfíì, nítorí ó ń gbé láàárín àwọn ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ọdún rẹ̀ yóò pé, yóò sì di ẹrù rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ó ṣe igbákejì fún ẹnìkan tí kò ní í di ẹrù: olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, nọ́ọ̀sì àdúgbò, mẹkáníìkì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti wà lójú ọ̀nà Owerri láti ọdún gbọọrọ, ìyá ìjọ tí gbogbo ènìyàn mọ ilé rẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò dùn ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta gbangba, níbi tí ìyá ọmọ ti lè rí yín (èyí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀ láéláé, nítorí ayé ti bàjẹ́, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó ń ṣe ojú àánú ni aláàánú), ẹ ó béèrè ìwé èsì ìdánwò, "bẹ́ẹ̀ ni, sà" nìkan ni ẹ ó sì gbọ́. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ọ̀pọ̀ ti wí pé ọmọ náà kò moore, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Wọn kò mọ̀ pé ọmọ náà ń wò ó bóyá wọn yóò tún wá ni. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni yóò fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò sọ orúkọ ẹni tó fún un ní fóònù.

Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tàbí ìjọ kan ní Isiokpo bá ń kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ yọ̀ǹda ara wọn, kí wọ́n má gba ẹni tí kò lè ṣèlérí ọdún méjì. Bí wọ́n bá gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kúrò níbi iṣẹ́, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ọmọ ní oṣù kan ṣáájú, kí ó sì mú ẹni tí yóò gba ipò rẹ̀ lọ sílé ìyá ọmọ, kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó pọ̀ kó tó di ẹrù.