Ẹ má tíì ju tablet àtijọ́ yẹn nù

Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ìwàásù, àmọ́ ó kan àpò yín, ó sì kan àwọn ọmọ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dópin.

Ọ̀pọ̀ ilé ló ní tablet tàbí fóònù àtijọ́ kan tí wọ́n jù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ojú rẹ̀ ò fọ́, bátìrì rẹ̀ ṣì ń gba iná, síbẹ̀ wọ́n ní ó ti kú. Tẹ́ ẹ bá bi wọ́n pé kí ló pa á, wọ́n á ní áàpù ò wọlé mọ́, wọ́n ní ẹ̀rọ náà ti pẹ́ jù. Ló bá di pé kí bàbá ọmọ lọ yáwó torí tablet tuntun. Èrò tiwa ni pé ká tó yá kọ́bọ̀, ká kọ́kọ́ béèrè: ṣé ẹ̀rọ yìí ló kú, àbí àwọn tó ṣe é ló pa á tì? Méjèèjì kì í ṣe nǹkan kan náà o.

Nínú gbogbo kọ̀ǹpútà, yálà ti orí tábìlì tàbí èyí tá à ń fọwọ́ gbé, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní operating system. Òun ni ètò tó ń darí gbogbo èyí tó kù. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ máa ń tún un ṣe fún ọdún díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á dáwọ́ dúró, wọ́n á gbájú mọ́ èyí tí wọ́n ń tà lọ́wọ́. Látọjọ́ yẹn lọ, ihò tí àwọn gbájúẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì bá rí níbẹ̀, wọn ò ní bá yín dí i mọ́. Àwọn áàpù tuntun náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ ọ́. Ara ẹ̀rọ le koko, ètò inú rẹ̀ ló di àpatì.

Ẹ wo Nexus 7 tó jáde lọ́dún 2013, tí Asus ṣe fún Google. Android 4.3 ló bá dé. Nígbà tó dórí Android 6, Google ò fún un ní òmíràn mọ́. Tó bá jẹ́ tiwọn ni, ó parí síbẹ̀. Àmọ́ àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ṣe LineageOS tó bá a mu, wọ́n sì gbé e dé Android 11. Ẹ̀rọ kan náà, ojú kan náà, 2GB RAM kan náà. A ò sọ pé ó di ọ̀tun o. Ó lọ́ra tẹ́ ẹ bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun. Ṣùgbọ́n ọmọ tó fẹ́ ka ìwé, tó fẹ́ ka Bíbélì, tó fẹ́ gbọ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò, kí ló tún fẹ́ fi tuntun ṣe?

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tàná. Lọ́dún 2000, Compaq gbé kọ̀ǹpútà ọwọ́ kan jáde tó ń jẹ́ iPAQ, ètò Microsoft ló wà nínú rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn onímọ̀, títí kan àwọn kan lára òṣìṣẹ́ Compaq fúnra wọn, fi gbé Linux sínú rẹ̀. CyanogenMod bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù Android lọ́dún 2009. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ dáwọ́ dúró ní ìparí 2016, àwọn tó fẹ́ràn iṣẹ́ náà ò jẹ́ kó kú, òun ló di LineageOS. Lọ́dún 2017, postmarketOS dé, wọ́n ní àwọn ń fẹ́ kí fóònù lè lo ọdún mẹ́wàá. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún wa o!

Àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ yìí dáadáa.

Àkọ́kọ́, kí ẹ tó flash ẹ̀rọ èyíkéyìí, ẹ ní láti ṣí bootloader rẹ̀, ìyẹn ìlẹ̀kùn àbáwọlé tí wọ́n tì pa. Bẹ́ ẹ bá ti ṣí i, gbogbo fọ́tò àti nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀ máa pa rẹ́. Ẹ kọ́kọ́ kó wọn síbòmíràn.

Èkejì, ẹ mọ orúkọ ẹ̀rọ yín gan-an. Ẹ̀rọ méjì lè jọra bí ìbejì kí inú wọn yàtọ̀. Tí ẹ bá gbé ètò ti Táíwò lé Kẹ́hìndé lórí, ó lè má tan mọ́ láéláé. Orí ìkànnì àwọn tó ṣe ètò náà gan-an ni kí ẹ ti gbà á, kì í ṣe èyí tẹ́nì kan ṣàdédé fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ gba iná sí bátìrì kó kún, kí wáyà USB yín má sì jẹ́ èyí tó ń já.

Ẹ̀kẹta, ẹ má fi ṣe ti báǹkì. Ọ̀pọ̀ áàpù báǹkì ló ń yẹ ẹ̀rọ wò, tí wọ́n bá rí i pé wọ́n ti ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Yàtọ̀ síyẹn, ètò tuntun ò lè dí gbogbo ihò tó wà nínú ẹ̀rọ àtijọ́, torí àwọn apá kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó ṣe é nìkan ló lè tún un ṣe. Tó bá sì jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ rà, tí ẹlòmíràn ti flash ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ ò mọ ohun tó kó síbẹ̀. Ìwé kíkà, orin àti ẹ̀kọ́ ni kí ẹ fi í ṣe.

Àwọn kan á ní, "Pásítọ̀, ṣé kì í ṣe olè nìyẹn?" Rárá o. Google fúnra rẹ̀ ló tẹ ìpìlẹ̀ Android síta kí ẹnikẹ́ni lè mú un lò. Ẹ lè pàdánù warranty, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n warranty wo ló kù lórí ẹ̀rọ ọdún mẹ́wàá? Ohun tó ń dùn wá ni pé ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ò tiẹ̀ gbà kẹ́ ẹ ṣí ìlẹ̀kùn náà rárá. Lóòótọ́, nígbà tí wọ́n ṣì ń tún ètò ẹ̀rọ ṣe, títì náà ń dáàbò bò yín: olè tó jí fóònù yín ò ní lè gbé ètò míì lé e wẹ́rẹ́. A ò bá wọn jà nípa ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bá ní àwọn ò ṣe mọ́, kí wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ fún ẹni tó fowó rà á. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó lẹrú ló lẹrù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lówó lọ́wọ́ ló lè mú wọn ṣe é: tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀rọ, ẹ máa béèrè bóyá bootloader rẹ̀ ṣe é ṣí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tẹ́ ẹ mọ kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ rèé o. Ẹ kọ́ ọ dáadáa, kẹ́ ẹ fi èyí tó ti bàjẹ́ tán kọ́ ọwọ́, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ti opó tàbí ti ọmọ iléèwé.

Irú ẹ̀rọ wo ló wà nílé yín tẹ́ ẹ ti pa tì? Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀ níbí, kí àwọn tó mọ̀ ọ́n bá yín wò ó. Ẹ fi ránṣẹ́ sí òbí tó ń múra àtiyáwó. Olúwa á bù kún iṣẹ́ ọwọ́ wa.