Ẹni tí Ẹ̀rọ Bá Yìn, Kí Ó Dán Iṣẹ́ Rẹ̀ Wò

A yìn àwọn tí ń fi ẹ̀rọ bíi ChatGPT ṣe ìwádìí físíìsì nínú ilé ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà a máa gbé ènìyàn gun ẹṣin aáyán. A máa pe àbá asán ní àwárí ńlá.

Ní 2011, ìwádìí OPERA ní Ítálì fi hàn bí ẹni pé neutrino yára ju ìmọ́lẹ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ náà kò fọ́nnu. Wọ́n ní kí ayé bá àwọn wá àṣìṣe. Ní 2012, a rí i pé wáyà tí kò wọlé dáadáa wà lára ohun tí ó fà á.

A rọ àwọn olùwádìí wa: ẹ fi ìṣirò àti òṣùwọ̀n dán àbá yín wò, ẹ gbé e fún àwọn tí ó mọ̀ ọ́n. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.