Òòyì Tí Ń Kọ́ Ọmọ Lórí Omi: Ẹ Má Dá Eré Lẹ́bi, Ẹ Yẹ Ọkọ̀ Wò

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ eré ni, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ń bẹ nínú rẹ̀.

Ìyá kan, ọmọ wa tí ń gbé ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, ni ó kọ̀wé sí mi. Ó ní ọmọkùnrin òun, ọmọ ọdún 16, ń kọ́ eré orí omi kan tí wọ́n ń pè ní wakesurfing, àti pé ní báyìí ọmọ náà fẹ́ mọ bí a ti í yí òbìrí lórí pákó láìṣubú. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé tí ó bá ti lọ, orí fífọ́ ni ó ń gbé bọ̀ wálé, òòyì a sì máa kọ́ ọ títí di alẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní òbìrí tí ó ń yí ni ó fà á, pé yóò mọ́ ọn lára. Bàbá ọmọ ní kí ó jáwọ́ pátápátá, nítorí eré òyìnbó ni. Ìyá wá bi mí léèrè ohun tí àwọn yóò ṣe.

Ìdáhùn mi ni pé ohun tí bàbá sọ kò tọ̀nà, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ sọ léwu jù ú lọ.

Fún àwọn tí kò rí eré yìí rí, ọkọ̀ oní-ẹ́ńjìnnì ni ó ń rọra sáré lórí adágún omi, ìwọ̀n kìlómítà 16 sí 19 ní wákàtí kan. Wọ́n á ti rọ omi kún àwọn àpò ńlá inú ọkọ̀ náà kí ó lè wúwo, kí ìgbì tí ó ń fà lẹ́yìn lè ga. Okùn ni wọ́n fi ń fa ẹni tí ń ṣeré dìde lórí pákó. Bí ìgbì bá ti gbé e, yóò ju okùn padà sínú ọkọ̀, ìgbì nìkan ni yóò sì máa tì í lọ. Nígbà púpọ̀, kò jìnnà sí ẹ̀yìn ọkọ̀ ju mítà 2 tàbí 3 lọ. Ẹ fi ìwọ̀n yìí sọ́kàn, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Èmi tí mò ń kọ èyí ti lé ní ẹni 50 ọdún, mo sì ti kọ́ òbìrí yìí títí mo fi mọ̀ ọ́n. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn méjì ni ó gbà mí. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ kì í ṣe àgbọ́sọ.

Inú etí wa lọ́hùn-ún ni àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta wà, tí wọ́n tẹ̀ bí òrùka, tí omi sì wà nínú wọn. Bí a bá pòòyì, omi náà á gbéra pẹ̀lú wa. Bí a bá dúró, òun kò ní tíì dúró. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ fi ń dà bí ẹni pé ó ń yí. Gbogbo wa ni a ti pòòyì lábẹ́ òṣùpá ní kékeré, a sì mọ̀ pé kò pẹ́ rárá kí ojú tó wálẹ̀. Òbìrí kan lórí pákó, kódà òbìrí mẹ́wàá tí a sinmi láàárín wọn, kò tó ohun tí yóò fọ́ orí ọmọ títí di alẹ́.

Ohun tí mo fura sí ni èéfín ẹ́ńjìnnì. Afẹ́fẹ́ olóró kan ń bẹ nínú rẹ̀ tí à ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ènìyàn lójú. Òun kan náà ni ó ń pa odindi ìdílé mọ́ ojú oorun nílé ní Nàìjíríà, nígbà tí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Ohun tí ń gbé ọ́ksíjìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀ wa a máa lẹ̀ mọ́ oró yìí ju bí ó ti ń lẹ̀ mọ́ ọ́ksíjìn lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní 200. Nítorí náà, ènìyàn lè máa mí, kí ara rẹ̀ má sì rí èémí lò. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ ọ, òòyì á kọ́ ọ, inú á máa rìn ín, ọkàn rẹ̀ kò sì ní já gaara mọ́. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ á ní oòrùn ni, tàbí ọtí ni, tàbí òbìrí ni. Bí ó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni náà á dákú. Ẹni tí ó bá sì dákú sínú omi, ẹ kò retí kí n sọ ìyókù.

Báwo ni ìyá yóò ṣe mọ ìyàtọ̀? Kí ó bi ọmọ ní ohun mẹ́ta. Èkíní, ṣé òòyì náà a máa lọ kíákíá bí ó bá ti dúró jẹ́ẹ́? Èkejì, ṣé orí a máa fọ́ àwọn tí ó jókòó sínú ọkọ̀ tí wọn kò yí òbìrí kankan? Ẹ̀kẹta, ṣé ara a máa tù ú bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú tí atẹ́gùn tútù sì fẹ́ sí i? Bí òòyì bá pẹ́, tí ó kan àwọn mìíràn, tí ó sì ń dínkù ní èbúté, ẹ má wá òbìrí wí mọ́. Bí ó bá tún ṣẹlẹ̀, kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n gbé ọmọ sí atẹ́gùn, kí wọ́n sì lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Kí wọ́n dárúkọ carbon monoxide fún dókítà, kí ó lè yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi sí ìka lè sọ pé kò sí nǹkan nígbà tí nǹkan wà, nítorí púpọ̀ nínú wọn kò mọ oró yìí yàtọ̀ sí ọ́ksíjìn.

Ìpínlẹ̀ California ṣe òfin ní ọdún 2004 tí ó kà á léèwọ̀ láti tan ẹ́ńjìnnì nígbà tí ẹnìkan bá rọ̀ mọ́ pèpéle ẹ̀yìn ọkọ̀, nítorí ikú irú èyí. Bí ẹ bá rí ọmọdé tí ó jókòó sórí pèpéle náà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pariwo. Ẹ béèrè bóyá ẹ̀rọ tí ń kìlọ̀ nípa oró náà wà nínú ọkọ̀, àti ìgbà tí wọ́n yẹ ẹ́ńjìnnì wò kẹ́yìn. Ẹ wo ibi tí abẹ ẹ́ńjìnnì wà pẹ̀lú: abẹ́ ikùn ọkọ̀ ni ó yẹ kí ó wà. Ọkọ̀ tí a so ẹ́ńjìnnì mọ́ ìdí rẹ̀, tí abẹ rẹ̀ ń yí lẹ́yìn gbangba, kò yẹ fún eré yìí láé, nítorí ẹni tí ó bá ṣubú síwájú lè bọ́ sẹ́nu rẹ̀.

Mo padà sọ́dọ̀ bàbá. Eré òyìnbó kẹ̀? Àwọn Ìlàjẹ kò kọ́ omi lọ́dọ̀ òyìnbó, àwọn ọ̀dọ́ sì ń fi pákó gun ìgbì òkun ní Tarkwa Bay l'Ékòó. Ohun tí ó yẹ kí ó já bàbá láyà ni èyí: ní ọdún 2024, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń dènà àrùn, CDC, ròyìn pé nínú 100 àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú ní orílẹ̀-èdè náà, bí 37 ni kò mọ ìwẹ̀, nínú 100 gbogbo àgbàlagbà, 15 péré ni. Bí a ti ń fi ẹ̀rù lé ọmọ kúrò létí omi ni a ṣe ń sọ ọ́ di ẹni tí omi yóò borí lọ́jọ́ kan. Ọmọ tí a bá sì dá lẹ́kun láìṣàlàyé, ìkọ̀kọ̀ ni yóò gbà lọ. Kí ó kọ́ ìwẹ̀ dáradára, kí ó máa wọ ẹ̀wù tí í mú ènìyàn léfòó, kí ẹnìkan yàtọ̀ sí atukọ̀ sì máa wò ó láti inú ọkọ̀ nígbà gbogbo.

Ní ti òbìrí fúnra rẹ̀, ẹ̀kọ́ onípele ni. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kí ọmọ kọ́kọ́ mọ bí a ti í fi ẹsẹ̀ iwájú tẹ pákó láti yára, àti bí a ti í fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tẹ̀ ẹ́ láti fà sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, kí ó kọ́ ààbọ̀ òbìrí: kí ó kọjú sẹ́yìn, kí ó dúró díẹ̀, kí ó sì padà sí bí ó ti wà. Nígbà tí ó bá di odindi, kí ó gun ìgbì lọ sókè díẹ̀, kí ó fi ara tẹ ẹsẹ̀ iwájú kí lẹbẹ ìdí pákó lè tú nínú omi, kí ó sì jẹ́ kí orí àti èjìká ṣáájú. Ibi tí ojú bá wò ni ara ń bá a lọ. Ẹni tí ó bá ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ yóò ṣubú. Ní ìdajì ọ̀nà, kí ó ki ọwọ́ bọ ara ìgbì bí òpó tí yóò fi yí, kí ó tẹ eékún, kí ó sì tètè fojú wá ọkọ̀ láti orí èjìká kejì. Pákó tí lẹbẹ rẹ̀ kéré ni ó dára fún èyí. Lórí ẹní nínú yàrá ni èmi ti kọ́kọ́ yí i lálaalẹ́, títí ara fi mọ̀ ọ́n.

Eékún ni òbìrí lè ṣe ní jàǹbá jù, bí ẹsẹ̀ bá dúró tí ara sì yí. Nítorí náà, kí ó na ara kí ó tó wọ omi, kí ó sì jáde nígbà tí ó bá rẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó bá ní àrùn fọ̀níkúfọ̀ládìde kò gbọ́dọ̀ dán an wò láìbá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀, nítorí omi tútù àti àárẹ̀ lè gbé ìrora rẹ̀ dìde.

Ìyá, ohun tí mo ní kí ẹ ṣe nìyí. Kí ọmọ sinmi ní Sátidé tí ń bọ̀. Ẹ mú un lọ rí dókítà. Kí bàbá fúnra rẹ̀ lọ yẹ ọkọ̀ náà wò. Bí olówó ọkọ̀ bá bínú nítorí ìbéèrè yín, ẹ wá ọkọ̀ mìíràn. Bí ọkọ̀ bá dára, tí ọmọ sì mọ ìwẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó yí òbìrí rẹ̀, kí bàbá sì jókòó sínú ọkọ̀ kí ó máa wò ó.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ire o.