Ẹjọ́ Òkú Lẹ́nu Apààyàn

Bí ẹ bá dárúkọ ẹgbẹ́ apààyàn Badoo fún ará Ìkòròdú l'Ékòó, ohun mẹ́ta ni yóò kọ́kọ́ sọ: ọmọ ọlọ tí wọ́n fi ń fọ́ orí èèyàn lóru, áńkáṣíìfù funfun tí wọ́n fi ń nu ẹ̀jẹ̀, àti owó tí wọ́n ní àwọn afiniṣètùtù ń san lórí rẹ̀. Ẹ̀rù ọdún 2016 àti 2017 ṣì wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ta ló sọ ọ́ fún wa? Àwọn tí ọlọ́pàá mú ni. Wọ́n tò wọ́n síwájú kámẹ́rà, wọ́n na gbohùngbohùn sí wọn lẹ́nu, wọ́n sì rojọ́. Àwọn tí ọmọ ọlọ bá lójú oorun kò rojọ́ kankan.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ìyá ọkọ tó gbọ́ ti ọmọ rẹ̀ tí kò gbọ́ ti ìyàwó la sábà máa ń fi bá wí. Ẹ wò ó dáadáa, òwe náà kò sọ pé ẹjọ́ tí onítọ̀hún dá kò tọ́. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó dá lẹ́bi ló jẹ̀bi lóòótọ́. Òṣìkà ni síbẹ̀, nítorí ẹnìkan wà níbẹ̀ tí kò bi léèrè.

Eré orí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń gbé karí ìpànìyàn tó ṣẹlẹ̀ gan-an ló gbé òwe yìí sí mi lọ́kàn. Èmi náà máa ń wò wọ́n, n ò ní purọ́. Ní Amẹ́ríkà, Law & Order ti ń fi ọ̀rọ̀ inú ìwé ìròyìn ṣeré láti 1990. Ní 2022, Netflix gbé ti Jeffrey Dahmer jáde, ọkùnrin tó pa èèyàn 17, àwọn kan lára ẹbí òkú sì figbe ta pé kò sẹ́ni tó wá bá àwọn sọ ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù Kejì 2023, ó kàn wá nílé. Dark October, tí Linda Ikeji ṣe, sọ ìtàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin Yunifásítì Port Harcourt tí èrò pa ní Aluu lọ́jọ́ 5 oṣù Kẹwàá 2012, tí wọ́n ní olè ni wọ́n. Ẹgbẹ́ kan dìde lórúkọ àwọn ẹbí wọn, ó ní a kò fi ọ̀rọ̀ lọ̀ wọ́n.

Aluu ò jìnnà sí wa tó bí a ṣe rò. Ní 2017, nígbà tí ẹ̀rù Badoo gbóná, èrò mú apanilẹ́rìn-ín kan àti àwọn tó bá a rìn ní Ìkòròdú, wọ́n pa wọ́n, wọ́n sun wọ́n. Badoo ni wọ́n pè wọ́n. Ní ọjọ́ yẹn, ẹjọ́ ẹnìkan gan-an kò sí nílẹ̀. Ariwo ló dá ẹjọ́.

Ìjọba Èkó ti rí ewu inú gbígbọ́ ìjẹ́wọ́ lẹ́nu ẹnìkan. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti 2011 ní kí ọlọ́pàá ya fídíò ẹni tó bá ń jẹ́wọ́, tàbí kí agbẹjọ́rò wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 2021, wọ́n ní kí ọlọ́pàá má ṣe to afurasí síwájú oníròyìn mọ́. Ìjẹ́wọ́ tí adájọ́ ń yẹ̀ wò tìfura-tìfura, òun ni àwọn onífíìmù wa ń gbé jẹ bí ẹni jẹ ẹ̀kọ. Wọ́n sì fẹ́ràn ojúbọ: aṣọ pupa, igbá, èéfín. Owó rẹ̀ ò pọ̀.

Kí wá ni ẹjọ́ àwọn tí Badoo pa? Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé tí àwọn ẹni ibi náà wọ̀ wà lẹ́yìn odi, ní ìhà Ìbẹ̀ṣẹ̀ àti Odógúnyàn, òmíràn ò sì tíì parí. Ẹni tó bá mọ Èkó mọ bí èèyàn ṣe ń dé irú ilé bẹ́ẹ̀. Owó ilé ní Ṣómólú tàbí Mushin ń lọ sókè lọ́dọọdún. Tọkọtaya dá àjọ, wọ́n ra ìdajì pulọ́ọ̀tì ní Ìkòròdú, wọ́n san owó ọmọ onílẹ̀, wọ́n tún un san, wọ́n kọ́ yàrá méjì, wọ́n kan páànù, wọ́n sì kó wọlé kí fèrèsé tó ní irin, torí ó sàn ju ìyọnu láńlọ́ọ̀dù lọ. Iná ò sí, aládùúgbò jìnnà. Nígbà tí ikú bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, àwọn onílé ń ṣọ́ òru ní ojúlé, àwọn kan sì kó ẹrù wọn padà sílé àyágbé. Apààyàn kò lè jẹ́wọ́ èyí fún ọlọ́pàá, nítorí kò mọ̀ ọ́n.

Nínú àwọn onífíìmù wa, ẹni tó sún mọ́ gbígbọ́ ẹjọ́ òkú ni Túndé Kèlání, nínú fíìmù Àyìnlá tó ṣe ní 2021. Gbogbo wa mọ̀ pé lọ́jọ́ 6 oṣù Karùn-ún 1980, ní Àbẹ́òkúta, Bàyéwù tó ti jẹ́ alábòójútó Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà, la ife ọtí mọ́ ọn lórí nínú ìjà tó dá lórí alùpùpù. Kèlání kò fi ife náà ṣe olórí eré. Orin, ìgbéraga, obìnrin àti ìbínú Àyìnlá ló kún un, èyí tó dára àti èyí tí kò dára. Kí ikú tó dé, a ti mọ ẹni tí ó fẹ́ mú lọ.

Àwọn kan sì wà tí ẹjọ́ wọn kò tíì di ti òkú. Ní oṣù Karùn-ún 2017, nígbà tí Ìkòròdú ń sùn pẹ̀lú ìbẹ̀rù, ajínigbé kó ọmọkùnrin mẹ́fà ní Model College tó wà ní Igbóńlá, l'Ẹ́pẹ̀ẹ́. Ó lé ní oṣù méjì kí wọ́n tó dá wọn sílẹ̀, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì padà sílé. Òǹkọ̀wé tó bá fẹ́ fi tiwọn ṣeré kò ní àwáwí kankan: wọ́n ti di géńdé, ẹnu wọn sì wà níbẹ̀ láti bi.